ÀBÚRÒ TI LỌ́ŃDỌ̀NÙ DÉ, ÒKÈ ÌDÀNRÈ TÚ ÀṢÍRÍ OWÓ ÒRÙLÉ

Ọdún gbọọrọ ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò fi ń fi ẹ̀rín bo ìbínú mọ́lẹ̀. Àtẹ̀gùn 667 àti iyán alẹ́ ọjọ́ kan ló tú u síta

Ẹni tó bá gun òkè Ìdànrè ní Sátidé, ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024, á ti kọjá lára obìnrin kan àti ọkùnrin kan tí wọ́n jókòó síbi ìsinmi ojú àtẹ̀gùn, tí wọ́n kẹ̀yìn síra wọn. Ike omi kan wà láàárín wọn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Èrò tó ń kọjá á máa rò pé àárẹ̀ òkè ló mú wọn. Kì í ṣe àárẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ owó ni, owó òrùlé ilé ìyá wọn tó ti dolóògbé.

Obìnrin yìí ń ta àǹkárá lọ́jà Ọba, ní Akúrẹ́. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gbé orúkọ òun síwèé, nítorí náà Ìyá Aláṣọ la ó máa pè é. Ọkùnrin tó kẹ̀yìn sí i ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, tó ń wa bọ́ọ̀sì èrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ Ìyá Aláṣọ, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Káfíńtà, dúró lọ́tọ̀, ó tẹjú mọ́ òkúta bí ẹni tó fẹ́ fi ayùn là á.

ÀLEJÒ DÉ, ILÉ KÚN

Ọdún 1999 ni àbúrò yìí fi Akúrẹ́ sílẹ̀ lọ sí Ìlú Ọba. Ó wálé lọ́dún 2014, kò tún wá mọ́. Ọmọkùnrin rẹ̀ kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà náà. Lọ́tẹ̀ yìí ó ti di ọmọ ọdún 14, ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò tíì fojú kan ilẹ̀ yìí rí. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù. Yorùbá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dán, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ rẹ̀ dán. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, eékún méjèèjì ló fi kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ kúulé o, ìyá ọkọ mi." Inú Ìyá Aláṣọ dùn jọjọ.

Ó ti múra sílẹ̀ fún wọn. Ó ra fóòmù tuntun, ó kun yàrá lọ́dà, ó sì gé àǹkárá kan náà fún gbogbo wọn, títí dórí ọmọ kékeré.

Ṣùgbọ́n egungun kan há sọ́fun. Oṣù Karùn-ún ọdún 2020 ni ìyá wọn jáde láyé. Àsìkò kòrónà ni. Láti oṣù Kẹta ọdún náà ni ìjọba Nàìjíríà ti ti pápákọ̀ òfurufú mọ́ àwọn ọkọ̀ tó ń kó èrò bọ̀ láti òkèèrè, oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tó ṣí i. Ojú fóònù ni àbúrò ti rí bí wọ́n ṣe sin ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a wí fún ìyẹn. Kòrónà kò mojú ẹnikẹ́ni. Ohun tó dun Ìyá Aláṣọ ni pé wọ́n ṣí pápákọ̀ tán, ọdún kan kọjá, ọdún méjì kọjá, ó di ọdún kẹrin, àbúrò kò wá wo ojú oórì. Ó ń fowó ọdún ránṣẹ́ ṣá o. Ṣùgbọ́n bó bá pè lórí fóònù, "Ẹ káàárọ̀ ma, ṣé dáadáa lẹ wà?" Ó tán nìyẹn. Ìyá Aláṣọ á gbé fóònù sílẹ̀, á sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Lọ́ńdọ̀nù ti gba ọmọ ìyá mi mọ́ mi lọ́wọ́."

Kò mọ̀ pé àbúrò náà ní tirẹ̀ nínú.

FỌ́TÒ ARA ÒGIRI

Ní ọjọ́ kẹta tí àlejò dé, ọmọkùnrin náà rí fọ́tò ìyá àgbà lára ògiri pálọ̀. Ìyá àgbà dúró, ó wé gèlè, òkúta ràbàtà kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó bo gbogbo ojú ọ̀run. Ó béèrè pé níbo nìyẹn. Wọ́n ní Ìdànrè ni, ìlú tí wọ́n bí ìyá àgbà sí. Ó ní ṣé ènìyàn lè gun òkúta náà. Ni Bàbá Káfíńtà bá ní, "Ẹ má wulẹ̀ fẹnu sọ ọ́ fọ́mọ. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ."

Àbúrò gbà. Ó ní bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ tán, òun á kó gbogbo wọn lọ sí ọ̀tẹ́lì kan ní Akúrẹ́ lọ jẹun alẹ́, òun lòun á sanwó. Ìyá Aláṣọ mi orí. Ó ní, "Mo ti ra iṣu. Abẹ́ òrùlé ìyá wa ní Ìdànrè la ó ti jẹun alẹ́ ọjọ́ náà."

Bó ṣe dárúkọ òrùlé, ojú àbúrò yí padà. Ìyàwó rẹ̀ rí i. Bàbá Káfíńtà náà rí i. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà Akúrẹ́ sí Ìdànrè kò jìn. Kó tó pé wákàtí kan, mọ́tò ti dé. Ọwọ́ ìkórè kòkó ni, Ìdànrè kì í sì í ṣe kékeré nínú àwọn ìlú oníkòkó nílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n sá kòkó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ rẹrẹẹrẹ, òórùn rẹ̀ wọ inú mọ́tò. Lẹ́yìn náà làwọn òkè bẹ̀rẹ̀ sí yọ nínú ọyẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, dúdú bí erin tó dùbúlẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ pé ẹni tó kọ́kọ́ rí àwọn òkè wọ̀nyí kígbe pé, "Ìdán rèé!" àti pé ibẹ̀ lorúkọ ìlú náà ti wá. Ọmọbìnrin kékeré náà kò tíì gbọ́ ìtàn yìí tó fi la ẹnu sílẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE FẸSẸ̀ LÉ ÀTẸ̀GÙN

Wọ́n gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu géètì ní Odòde, wọ́n sì mú amọ̀nà kan, ọ̀dọ́kùnrin tó mọ òkè náà bí ẹni mọ yàrá rẹ̀. Ìyá Aláṣọ wọ bàtà kánfáàsì ọmọ rẹ̀, ó ró ìró lé orí ṣòkòtò, ó so ìborùn mọ́dìí gírígírí bí ẹni tó fẹ́ lọ gba owó lọ́wọ́ onígbèsè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gbèrò àtigun òkè yìí, ẹ gbọ́ o. Ẹ má wọ sílípáàsì. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ni kẹ́ ẹ wọ̀. Ẹ tètè débẹ̀ kí oòrùn tó mú, nítorí òkúta náà máa ń gbóná bí agbada. Ẹ gbé omi dání. Nígbà òjò, ẹ ṣọ́ra, ó ń yọ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn ń dà láàmú, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó fẹsẹ̀ lé e. Ẹ má sì bá ọmọdé sáré. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń jókòó síbẹ̀.

Àtẹ̀gùn 667 ni wọ́n máa ń ní ó wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré náà ní òun á kà á fúnra òun, Bàbá Káfíńtà sì ní ní Yorùbá ni kó kà á. Ení, èjì, ẹ̀ta, ó ń lọ geere. Ó dé ogún, ó dé ọ̀kànlélógún. Nígbà tó kan márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n, ó dúró. Ó ní kí ló dé tí wọ́n fi ń yọ nǹkan kúrò nínú ọgbọ̀n nígbà tí wọn kò tíì dé ọgbọ̀n. Bàbá Káfíńtà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, bí owó ilé wa ṣe rí nìyẹn. Ká tó rí i gbà, a ti yọ nínú rẹ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá Aláṣọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀RỌ̀ BỌ́ LẸ́NU ỌMỌDÉ

Níbi ìsinmi kejì ni wọ́n ti jókòó mu omi. Ọyẹ́ ti ká díẹ̀, wọ́n sì ń rí Odòde nísàlẹ̀ bí ọjà tí wọ́n pàtẹ. Òrùlé ló kún ibẹ̀: pupa, búlúù, aláwọ̀ ewé. Ọmọkùnrin náà bi bàbá rẹ̀ pé èwo ni ilé ìyá àgbà. Bàbá rẹ̀ wá a títí, ó wá na ìka sí ọ̀kan tí páànù rẹ̀ ti dógùn-ún, tó pọ́n láàárín àwọn yòókù bí eyín tó bàjẹ́.

Ọmọ náà wò ó. Ó ní, "Dádì, ṣebí ẹ sọ fún Mọ́mì pé ẹ fowó ránṣẹ́ kí wọ́n fi ṣe òrùlé yẹn, àǹtí yín sì ná an?"

Òyìnbó ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń ta aṣọ lọ́jà Ọba láti ọgbọ̀n ọdún, òyìnbó tó bá ní owó nínú kì í pamọ́ fún un.

Ìyàwó fa àwọn ọmọ lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n máa bá amọ̀nà lọ síwájú. Ó wá ku ẹ̀gbọ́n, àbúrò, àti Bàbá Káfíńtà tó ń wo òkúta.

"Ṣé lóòótọ́ lo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, òkè la wá gùn."

"Mo ní, ṣé lóòótọ́ ni?"

Àbúrò nu òógùn. Ó ní, "Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019 ni mo fowó yẹn ránṣẹ́. Lọ́dún 2021, ẹnì kan ládùúgbò ìyá wa ya fọ́tò òrùlé náà sí mi. Páànù àtijọ́ ni. Kí lẹ fẹ́ kí n rò?"

"Oníwàhálà tó ya fọ́tò lo gbà gbọ́. O ò pè mí."

"Ẹ̀yin náà ò sọ fún mi."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti kẹ̀yìn síra wọn. Nígbà tó yá, Ìyá Aláṣọ dìde, ó gbọn ìró rẹ̀. Ó ní, "Iṣu tí a máa gún ń dúró dè wá. Ẹ jẹ́ ká gòkè ká tètè sọ̀." Ó sì ṣáájú.

ÌLÚ TÓ WÀ LÓRÍ ÒKÈ

Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí lè rò pé òkúta lásán ni wọ́n ń gùn lọ wò. Rárá o. Ìlú odidi ló wà lókè. Ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá ará Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, níbi tí ogun kò ti lè tètè ká wọn mọ́. Ààyè aláìdíwọ́ wà láàárín àwọn òkúta, wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n dáko, wọ́n jọba. Láàárín ọdún 1920 sí 1940 ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sísàlẹ̀, níbi tí títì, ọjà àti oko kòkó ti súnmọ́ wọn.

Ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára. Ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀. Ilé agogo wà níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, tí wọ́n ní ọdún 1896 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Bàbá Káfíńtà fọwọ́ pa òpó ààfin lára, ó ní ẹni tó gbẹ́ èyí kò lo ẹ̀rọ kankan. Lọ́dún 2007 ni wọ́n fi òkè Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà ń fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Òun nìyí lẹ́bàá Akúrẹ́, ọ̀pọ̀ ará Akúrẹ́ kò sì tíì gùn ún rí. Ìyá Aláṣọ fúnra rẹ̀, láti ìgbà ọmọdé ni kò ti débẹ̀ mọ́.

Amọ̀nà tún fi ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn hàn wọ́n lára òkúta. Ìtàn ìlú náà sọ pé ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn ló máa ń wọ ojú ẹsẹ̀ yìí, ìbáà tóbi, ìbáà kéré, àyàfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Ọmọkùnrin náà ti tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó wọ̀ ọ́. Ọmọbìnrin ti tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó pariwo ayọ̀. Ìyàwó náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó kan Ìyá Aláṣọ. Ó bọ́ bàtà kánfáàsì, ó rọra gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé e. Ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Ó gbójú sókè wo àbúrò rẹ̀, ó ní, "O rí i? Ó wọ̀ ọ́ o. Àbí o rò pé kò ní wọ̀ ọ́ ni?"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Bàbá wọn gbé ojú lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

IYÁN ALẸ́

Ilé ìyá wọn kò jìnnà sí ẹsẹ̀ òkè. Bàbá kan tó ti lé ní 80 ọdún ń dúró dè wọ́n níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá wọn ni, òun ló ku àgbà ilé náà. Bàbá tó bí i lọ́mọ wà lára àwọn tó ru ẹrù sórí sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè.

Ọmọbìnrin Ìyá Aláṣọ ti gbé iṣu kaná. Iṣu àgbà ni, tí omi rẹ̀ ti gbẹ, nítorí iṣu tútù kì í ṣe iyán tó dán. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ti ń hó wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú ìkòkò: ẹ̀fọ́ wọ̀rọ̀wọ́, ìrú, ẹja gbígbẹ, ìgbín tí wọ́n fi ọsàn wẹ̀wẹ̀ fọ̀ títí kò fi yọ̀ mọ́, àti ẹran ẹtu yíyan tí èéfín ti wọ inú rẹ̀. Ìyàwó Lọ́ńdọ̀nù ní òun á gúnyán. Wọ́n fún un lọ́mọ odó. Ó gún un lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó ní apá òun ti kú. Ọmọkùnrin rẹ̀ gbà á, iṣu ta sí i lójú. Ni Bàbá Káfíńtà bá bọ́ ẹ̀wù, òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kojú odó, kì-kì, kì-kì, wọ́n gún un títí tí kò fi sí kókó kankan nínú rẹ̀.

Oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Ìyá Aláṣọ ṣí àpótí ìyá wọn, ó kó àwo tánganran jáde, èyí tí màmá kì í gbé síta àfi bí ọdún bá dé. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì tí Bàbá Káfíńtà kàn fún ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣègbéyàwó. Iyán wà nínú àwo ńlá, ó ń rú eéfín. Ẹmu wà fún Bàbá àgbà, omi dídì wà fún àwọn ọmọ. Bí wọ́n ṣe jókòó tán ni iná lọ. Wọ́n tan fìtílà. Fún ìgbà díẹ̀, ìró ọ̀fun nìkan lèèyàn ń gbọ́. Àbúrò jẹ òkèlè títí, ó ní láti ìgbà tí òun ti kúrò nílé, òun ò jẹ iyán tó dà bí èyí. Iyán tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun rò nílùú òyìnbó kò ní ìjọra kankan pẹ̀lú rẹ̀.

Ọmọbìnrin kékeré náà ló gbójú sókè. Ó ní, "Mo rí ìràwọ̀." Gbogbo wọn gbójú sókè. Ihò kan wà lára páànù, àjà sì ti jábọ́ níbẹ̀. Lóòótọ́ ni, ìràwọ̀ kan wà nínú ihò náà.

Bàbá àgbà gbé ife ẹmu sílẹ̀. Ó ní, "Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń wo ojú ẹ̀yin méjèèjì. Ta ni yóò sọ fún mi?"

ÌWÉ KÉKERÉ

Ìyá Aláṣọ kò sọ̀rọ̀. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ mú báàgì wá. Ó yọ ìwé kékeré kan nínú rẹ̀, irú ìwé tí àwọn ọlọ́jà fi ń kọ orúkọ oníbàárà tó jẹ gbèsè. Ó fi lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Kà á sókè. Láti ọdún 2019 ló ti wà nínú báàgì mi. Ọjọ́ tó o bá béèrè ni mo fẹ́ fi hàn ọ́."

Àbúrò gbé e súnmọ́ fìtílà. Ojú ewé àkọ́kọ́, owó tó fi ránṣẹ́ ló wà lókè, pẹ̀lú ọjọ́ tó wọlé. Lábẹ́ rẹ̀: páànù, wọ́n fi owó díẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò. Ó ṣí ewé kejì. Káàdì ọsibítù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Omi tí wọ́n fà sí i lára. Oògùn. Oògùn. Owó bẹ́ẹ̀dì, ọjọ́ 17. Owó tí wọ́n gbà padà lọ́wọ́ onípáànù. Oògùn. Mọ́tò tó gbé màmá wálé. Owó náà ti tán ní ewé kẹrin. Láti ewé karùn-ún, ohun tó wà níbẹ̀ ni àǹkárá tí Ìyá Aláṣọ tà láìjèrè kí oògùn má baà dáwọ́ dúró.

Ohùn àbúrò há. Kò lè kà á dé òpin.

Ìyá Aláṣọ wá sọ̀rọ̀. Ìparí ọdún 2019 ni àìsàn náà wọlé. Oṣù yẹn gan-an ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Màmá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin mú, ó ní, "Má sọ fún un. Yóò lọ yá owó, yóò kó ara rẹ̀ sí gbèsè. Òrùlé á dúró dè wá." Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, màmá kú.

Àbúrò ní, "Nígbà tí wọ́n sin ín tán ńkọ́? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́?"

"Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, á dà bí ẹni pé mo ń tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ. Mo sì ń retí kí o béèrè."

"Èmi náà rò pé kí n tó ti Lọ́ńdọ̀nù pe ẹ̀gbọ́n mi lólè, kí n kúkú dákẹ́. Nígbà tí mo dákẹ́ tán, ojú ń tì mí láti wálé."

Bàbá àgbà dájọ́ níbẹ̀. Ó kọjú sí obìnrin, ó ní, "Ìwọ jẹ̀bi. Ìyá rẹ ní kó o bo àṣírí nígbà tó wà láyé, kí ọmọ má baà dààmú. Nígbà tó kú tán, ta lo tún ń bò ó fún?" Ó kọjú sí ọkùnrin, ó ní, "Tìrẹ ló burú jù. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwọ kò tilẹ̀ gbẹ́jọ́ ènìyàn, fọ́tò lo gbẹ́jọ́ rẹ̀. Fọ́tò kò lẹ́nu. Kò lè sọ pé oògùn ìyá rẹ ni páànù náà dà."

Àbúrò dìde lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ǹtì níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò rí irú rẹ̀ rí. Ìyá Aláṣọ fà á dìde, ó ní, "Dìde, iyán ń tutù." Omi sì ń bọ́ lójú òun náà. Bàbá àgbà gbàdúrà, wọ́n ṣe àmín, ìyàwó Ìjẹ̀bú bu ọbẹ̀ kún àwo ọkọ rẹ̀ àti ti ìyá ọkọ rẹ̀, wọ́n jẹun tán.

PÁÀNÙ TUNTUN

Bàbá Káfíńtà, tí kò sọ̀rọ̀ látàárọ̀, ló wá yanu. Ó ní igi òrùlé náà ti wà ní ṣọ́ọ̀bù òun láti ọdún méjì, òun ti là á, òun ti fá a. Owó páànù nìkan ni kò tíì tó. Ìyàwó rẹ̀ gan-an kò mọ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ó ti gun àkàsọ̀, ó ń fi téèpù wọn òrùlé, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù sì di ẹnu téèpù mú nísàlẹ̀. Owó tí àbúrò fẹ́ san fún oúnjẹ ọ̀tẹ́lì ni wọ́n fi ra ìṣó. Ó ra páànù, Ìyá Aláṣọ san owó àwọn òṣìṣẹ́, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré náà. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn méjèèjì ló fọwọ́ sí i.

Oṣù Kìíní ọdún 2025 ni àlejò padà lọ. Kó tó ku ọ̀la tí wọn yóò lọ, ọmọkùnrin náà ní òun tún fẹ́ gun òkè. Kò lọ jìnnà. Ibi ìsinmi kejì ló dúró sí, ó wo ìsàlẹ̀, ó wá ilé ìyá àgbà, ó sì ya fọ́tò páànù tuntun náà. Àǹtí bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, irú ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ nílé wa. Ẹni tó wà lókè òkun ń fowó ránṣẹ́, ẹni tó wà nílé ń ná an, ìyá tó wà láàárín ń bo àṣírí. Ẹni tó bá gba owó, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì sọ ọ́. Ẹni tó bá fi owó ránṣẹ́, kó béèrè lẹ́nu ẹni tó gbà á, kó má béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò. Nínú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yìí, ta lẹ rò pé ó jẹ̀bi jù? Ojú ewé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ fún yín.